Ẹrẹ̀ Inú Páìpù Kẹtàdínlógún

Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò sí òkú, kò sí fèrèsé tí wọ́n fọ́, kò sí ọ̀bẹ tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé. Ohun tó wà lórí tábìlì irin náà kò ju ẹrẹ̀ lọ: ẹrẹ̀ gígùn gbọọrọ, tó sùn sínú páìpù funfun kan tí wọ́n ti là sí méjì lóòró bí ẹni la ìrèké.

Màmá Àwòfín tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ti bá òkú pàdé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti bá a pàdé nínú àgbá omi, ó tilẹ̀ ti bá ọ̀kan pàdé lókè àjà rí, lọ́jọ́ tí àjà náà já lulẹ̀ tòun ti òkú, nítorí pé ìdí Màmá kì í ṣe ìdí tí wọ́n ń gbé gun òkè àjà. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan rí tí wọ́n pè é nítorí ẹrẹ̀.

Ó wo bàtà ara rẹ̀, tí ẹrẹ̀ òjò àná ṣì lẹ̀ mọ́ létí.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ lèyí," ó ní, "ẹ kúkú mú èmi náà."

Ọ̀gá Àgbà ilé ìwádìí náà kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, onímọ̀ kẹ́míkà. Ohun tí kò bá ṣeé wọ̀n, kì í gbà pé ó wà.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ẹni tó wa ẹrẹ̀ yìí jáde purọ́ fún ìjọba. Ìgbìmọ̀ ń jókòó ní aago méjì ọ̀sán yìí. Wọ́n á da ìròyìn rẹ̀ nù, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì mú un lọ."

"Ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán nìyẹn. Ó ku kí èmi wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀." Ó fa àga kan, ó jókòó. Àga náà ké. "Pẹ̀lẹ́ o, àga. Ọ̀gá, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì níléèwé. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni sáyẹ́ǹsì lù mí ní àlùbolẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ẹrẹ̀ máa ń kó jọ létí òkun lọ́dọọdún. Ti ọdún yìí á bo ti èṣí mọ́lẹ̀, ti èṣí ti bo ti ìdúnta."

"Bí aṣọ ìdọ̀tí nínú apẹ̀rẹ̀. Tèmi tó wà nílé, tí ẹ bá wa á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó bá búláòsì tí mo wọ̀ kí n tó sanra."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀. Obìnrin kan wà níbí tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀mọ̀wé Ẹrẹ̀. Ó ti páìpù yìí bọ inú àbàtà ẹnu odò, níbi tí omi ibi ìwakùsà ti ń ṣàn wọ òkun. Ìròyìn tó kọ sọ pé ìlà dúdú kan wà lókè, tó kún fún òjé, òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́. Ó ní ìlà náà kò ju ogójì ọdún lọ, pé ibi ìwakùsà ló dà á síbẹ̀. Àwọn apẹja tó ń gbé ẹnu odò wá gbé ìròyìn yẹn lọ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa."

"Irọ́ wo ló wá wà ńbẹ̀?"

"Ó la páìpù sí méjì. Ó gé ẹrẹ̀ apá kan sí wẹ́wẹ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sì dán an wò. Ìyẹn ti tán. Apá kejì, òfin wa ni pé ká fi tépù dí i pa, ká gbé e sínú yàrá tútù, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè rí nǹkan ṣí wò. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ṣiyèméjì. Lọ́jọ́ Ajé, a ṣí i níṣojú gbogbo èèyàn." Ó na ìka sí ìdí páìpù. "Òjé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà. Abẹ́ yanrìn ìgbì ló wà!"

Màmá Àwòfín rí i báyìí. Láàárín ẹrẹ̀ dúdú náà, ìlà kan wà tó funfun, tó fẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

"Yanrìn ìgbì?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ òkun mì tìtì, omi dìde, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó wọ orí ilẹ̀, ó sì fi yanrìn òkun sílẹ̀ nígbà tó padà. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ yanrìn yẹn, ó ti wà níbẹ̀ kí ìgbì náà tó dé. Ta ló ń wa kùsà lẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn?"

Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó tẹjú mọ́ ìlà funfun náà. Ó ti jókòó nídìí ẹ̀rí tó pọ̀ lọ́jọ́ ayé rẹ̀, ìka ọwọ́, irun orí, ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ya. Kò sí èyí tó tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí ti lé lẹ́gbẹ̀rún, kò sì sá lọ síbì kankan.

"Ẹ̀rí tó mọ bí a ṣe ń jókòó," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó wù mí."

* * *

Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ìwakùsà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi rí àgbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀, méjèèjì. Ó gbé àpótí pákó pẹlẹbẹ kan dání, tó kún fún òkúta roboto gígùn gígùn. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa ọfà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá ọlọ́pàá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lèyí, àbẹ́là?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Òkúta tí ẹ̀rọ wa fà yọ láti inú ilẹ̀ ni. Mo fẹ́ fi han ìgbìmọ̀ pé òjé ti wà nínú ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ni òjé rẹ̀. Àwa kàn ń bá a gbé e ni."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá a gbé e." Màmá ti ṣí ìwé àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Orúkọ rẹ nìyí, Ọjọ́rú tó kọjá. O wọ yàrá tútù. Kí ló gbé ọ débẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣí páìpù?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹnjiníà. "Mo ní kí n rí i pé ó wà níbẹ̀ ni. Ọ̀gá Àgbà ló mú mi wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ọ̀gá Àgbà sọ. "Otútù lé wa jáde kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. A kò yọ ọwọ́ lápò, àwa méjèèjì."

Ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ó dun Màmá díẹ̀, nítorí pé ó ti wù ú kí ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ ti Ẹnjiníà látìgbà tó ti rí bàtà rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fún un ní ìwé kan tí wọ́n to nọ́ńbà òjé tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ Ajé sí, ó kì í bọ inú báàgì, ó sì ní kí wọ́n fi yàrá tútù han òun.

* * *

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣọ́ yàrá tútù. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ lórí ara wọn, ó sì ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò.

"Ẹ BỌ́ SÍ APÁ ÒSÌ MI, MÀMÁ! ETÍ Ọ̀TÚN TI KÚ!"

"Tèmi náà ń kú lọ," Màmá sọ. "Orúnkún ló kọ́kọ́ lọ, ó ní kí etí máa bọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó mú kọ́kọ́rọ́ nínú fìlà líle aláwọ̀ ìyeyè kan tó dojú rẹ̀ sókè bí abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Àga náà dára, ó ní tìmùtìmù.

"Ọ̀mọ̀wé ló rà á fún mi," Bàbá sọ. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ó bá mi tí mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ kejì ni àga dé. Màmá, ọmọ yẹn kò lè purọ́. Látọjọ́ Ajé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Inú yàrá náà tutù débi pé èémí wọn di èéfín. Páìpù ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n tò lórí pẹpẹ irin bí ẹni tó ń sùn. Màmá Àwòfín dúró, ó ya ẹnu. Etíkun kan, àbàtà kan, odò kan, gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò láyé, wọ́n ti wá sùn síbí.

"Gbogbo èyí, Ọ̀mọ̀wé ló wa á?"

"Ìdajì. Òun fúnra rẹ̀, tòun ti bàtà rọ́bà. Ẹrẹ̀ á mu ún dé itan, á máa kọrin."

Àyè kan ṣófo láàárín ìkẹrìndínlógún àti ìkejìdínlógún. Màmá wo àwọn méjì tó kù síbẹ̀. Tépù ara wọn ti pọ́n, lẹ́tà wọn ti ṣá, ọfà ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí mọ́. Ó rántí páìpù orí tábìlì: tépù rẹ̀ funfun, lẹ́tà àti ọfà rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó gbójú sókè. Lókè àyè tó ṣófo náà, àpá omi tó gbẹ wà lára àjà.

"Bàbá, ta ló pààrọ̀ tépù ìkẹtàdínlógún?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Kò sẹ́nikẹ́ni?"

"Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan páìpù tí wọ́n ti dí, ọjọ́ yẹn ló máa lọ sílé." Bàbá ń wo bàtà rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Màmá."

Màmá kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bàbá ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn bó ti ń rìn lọ ni pé wọ́n ti gbé páìpù mìíràn rọ́pò. Ẹnì kan ti jí ẹrẹ̀ gidi, ó fi ẹrẹ̀ burúkú síbẹ̀, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Àlàyé yẹn gún régé. Ó sì máa wá rí i láàárín ìdajì wákàtí pé gbogbo rẹ̀ ni kò tọ́.

* * *

Ọ̀mọ̀wé Ẹrẹ̀ ti di ìwé rẹ̀ sínú páálí mẹ́ta. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni, ojú rẹ̀ wú, èékánná rẹ̀ dúdú bíi ti àgbẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Màmá.

"Dìde, dìde. Tí o bá ní kí èmi náà kúnlẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi gbé mi. Ọmọ mi, ṣé o purọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé o ti rí páìpù tí wọ́n ṣí?"

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, kí n má baà fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé e mì. "N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn ní aago méjì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti òní lọ, orúkọ mi á máa jẹ́ òpùrọ́."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Sọ fún mi nípa ìgbì. Kí lo rí nínú ìdajì tìrẹ kí o tó lọ̀ ọ́?"

Bí ẹni tan iná sí obìnrin náà lára ni. Ó fà sún mọ́ Màmá.

"Koríko, Màmá! Koríko tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Yanrìn sin ín láàyè. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ àtijọ́, ewé rẹ̀ wọnú yanrìn, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ sí apá kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkun. Bí omi ṣe tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo rí i. Mo ní, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó tíì bi yín léèrè látìgbà náà."

Màmá Àwòfín wò ó. Òun tí wọ́n ń yìn ní ọ́fíìsì pé ó ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀daràn lẹ́nu wò! Ọmọ yìí ti fi ọ̀rọ̀ wá koríko lẹ́nu wò, koríko sì dáhùn.

"Yanrìn náà ńkọ́?"

"Ó to ara rẹ̀. Èyí tó nípọn ló kọ́kọ́ balẹ̀, èyí tó kúnná tẹ̀ lé e."

"Bí òkúta ṣe máa ń sùn sísàlẹ̀ abọ́ tí mo bá ń fọ ẹ̀wà. Ọ̀kan tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, eyín ọkọ mi ló máa ń rí i." Ó yọ ìwé nọ́ńbà jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé nọ́ńbà ti Ọ̀mọ̀wé, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fa ojú ro. Lẹ́tà kankan kò dà bí lẹ́tà. "Kí ni wọ́n kọ síbí, èdè àjèjì?"

"Màmá," Ọ̀mọ̀wé rọra sọ, "ẹ dorí ìwé kodò. Awò yín sì wà níwájú orí yín."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó fa awò wálẹ̀ sójú, ó sì fẹ́ yí ìwé padà. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

Kò yí i mọ́. Ó fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà náà láti ẹsẹ̀ ìwé wá sí orí rẹ̀, ìka òsì ń tẹ̀ lé ti Ọ̀mọ̀wé láti orí lọ sí ẹsẹ̀. Ti Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ báyìí: 14, 41, 212, 388, 95, 11. Ti Ọ̀gá Àgbà, láti ìsàlẹ̀ wá: 13, 43, 209, 391, 97, 11. Nọ́ńbà ogún ni, ogún náà sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú, ibo ló ti máa rí ẹrẹ̀ mìíràn tí yóò jọ tòótọ́ báyìí?

Páìpù kan náà ni. Kò sẹ́ni tó rọ́pò ohunkóhun.

"Ọ̀mọ̀wé, wọ bàtà rẹ," ó ní. "Ní tìrẹ, a ti ṣe é tán. Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ bá wí, n kò sì tíì mọ̀ bóyá ẹkún ló máa pa mí ni àbí ẹ̀rín."

* * *

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjì lù nígbà tí gbogbo wọn yí tábìlì irin ká: Ọ̀gá Àgbà, Ẹnjiníà, Ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ní kó dúró jìnnà díẹ̀, àti Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Àwòfín lọ síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri nítorí iná. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sínú ìgò omi mímu ara rẹ̀, ó dé e, ó sì gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ara. Ohun gbogbo tó wà lára Màmá ló bá ìgò náà jó. Ó gbé e kalẹ̀.

"Màmá, àkókò ń lọ," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Èyí tó nípọn já bọ́ wàì. Èyí tó kéré tẹ̀ lé e. Níkẹyìn, èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun rọra bò ó lórí.

"Bí omi ṣe ń tò ó nìyẹn, nínú ìgò tàbí létí òkun. Ọ̀gá, ẹ bá mi wo yanrìn orí tábìlì yìí. Ẹ̀yin sọ fún wa. Níbo ni èyí tó nípọn wà?"

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Òkè," ó ní. "Lókè ló wà."

"Ẹ gba awò yìí. Lórí yanrìn náà gan-an, kí lẹ rí?"

"Okùn tẹ́ẹ́rẹ́... gbòǹgbò. Gbòǹgbò koríko." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ewé rẹ̀ kọrí sísàlẹ̀."

"Gbòǹgbò lókè, ewé nísàlẹ̀. Ilẹ̀ wo lẹ ti rí koríko tó ń so rọ̀ bí àdán?"

Ọ̀mọ̀wé Ẹrẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yìn ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á," Màmá sọ. "Ìdí lẹ pè ní orí. Ẹ yí i padà, ìlà dúdú á bọ́ sókè níbi tí ọmọ yìí sọ pé ó wà, ìgbì á bọ́ sísàlẹ̀, koríko á sì rí ibi dúró sí, ẹgbẹ̀rún ọdún ti sú u."

Ọ̀gá Àgbà yíjú sí Ẹnjiníà, ojú rẹ̀ le bí irin. "Ìwọ!"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi wà lápò! Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná," Màmá sọ. Ó mú òkúta kan nínú àpótí pákó. "Ẹnjiníà, ọfà pupa yìí, ibo ló ń tọ́ka sí?"

"Ìsàlẹ̀ ni. Ibi tí ihò ń lọ. Bí gbogbo ibi ìwakùsà ṣe ń fà á nìyẹn."

"Ọ̀mọ̀wé, ọfà tiyín níbí?"

"Òkè," Ọ̀mọ̀wé dáhùn. "Ìgbà gbogbo. Òkè ni..." Ó ti yé e.

Màmá Àwòfín yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì bọ́ sí apá òsì Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, fìlà líle tí ẹ ń kó kọ́kọ́rọ́ sí, níbo lẹ ti dé e rí? Kí sì ni ẹ̀rọ tó pa etí yín?"

Bàbá bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀. Ibi ìwakùsà. Ọdún méjìlélógún." Kò pariwo mọ́. "Yàrá tútù bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, omi ń kán sórí ìkẹtàdínlógún. Tépù ṣí, lẹ́tà ṣàn lọ, ọfà pẹ̀lú. Mo nù ún gbẹ. N kò gbé e kúrò lójú kan, ẹnu ọ̀nà ni orí gbogbo wọn sì kọjú sí, mo mọ orí rẹ̀, mo mọ ìdí rẹ̀. Mo lẹ tépù tuntun, mo kọ nọ́ńbà, mo fa ọfà láti orí lọ sí ìdí, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo rò pé iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé ni mo ń tọ́jú. Nígbà tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù bà mí láti sọ pé mo fọwọ́ kàn án." Ó wo Ọ̀mọ̀wé. "Ọmọ mi, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́."

Kò sẹ́ni tó kọ́ Bàbá ní ọfà ilé ìwádìí rí. Ta ló máa kọ́ ọ? Kò yẹ kó fọwọ́ kan páìpù.

Ọ̀mọ̀wé ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ó ku ẹyọ kan," Màmá sọ. "Ẹnjiníà, o wà níbí lọ́jọ́ Ajé. O rí ọfà náà. Ọfà ilé yín ni, ọwọ́ ilé yín ló fà á. Nígbà tí wọ́n pe ibi tó ń tọ́ka sí ní òkè, kí ni ojú tìrẹ sọ fún ọ?"

Ẹnjiníà wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Òógùn ti yọ lókè ètè rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó bi mí," ó wí.

"Lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Ní aago méjì, wọ́n á bi ọ́."

* * *

Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló yọ ìwé tó ti tẹ̀ sílẹ̀ láti fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé kúrò lápò, ó ya á sí mẹ́rin. Ó tẹrí ba níwájú Ọ̀mọ̀wé Ẹrẹ̀.

"Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "N kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ forí jì mí."

"Ẹ wò ó nísinsìnyí, Ọ̀gá."

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Òfin ní kó lọ."

"Tó bá lọ, èmi náà á lọ," Ọ̀mọ̀wé sọ. "Ẹ̀kọ́ ló yẹ ká kọ́ ọ, a kò kọ́ ọ. Bàbá, ẹ wá gbé orí, kí n gbé ìdí. Ẹ ṣọ́ra fún koríko."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e wọ yàrá ìgbìmọ̀, arúgbó níwájú, Ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Màmá Àwòfín jókòó sẹ́yìn pátápátá, nítorí àga ẹ̀yìn ló fẹ̀. Ó gbọ́ bí Ọ̀mọ̀wé ṣe ń sọ̀rọ̀, kedere, láìgbọ̀n. Ó rí i tí wọ́n bi Ẹnjiníà, tí Ẹnjiníà sì dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré. Ó rí alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ti ń yán látìgbà tí wọ́n ti jókòó, tó dìde láti fi awò wo koríko náà fún ìṣẹ́jú kan péré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ tutù.

"Ìròyìn Ọ̀mọ̀wé dúró," ó ní. "Kí wọ́n ti páìpù omi ìdọ̀tí ibi ìwakùsà pa lónìí. Kí ọ̀rọ̀ àwọn apẹja máa tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀."

Màmá yọ jáde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa dúró gba ìyìn. Ó padà lọ mú báàgì rẹ̀ lórí tábìlì irin. Ó bá Bàbá Kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, ó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ìgò omi Màmá ló dì mú, yanrìn rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, omi orí rẹ̀ ti mọ́ gaara. Ó ti lẹ tépù funfun mọ́ ọn. Ó ti kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ó ti kọ ọjọ́ òní, ó sì ń fa ọfà kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ìdí ìgò lọ sí ọrùn rẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé ní ká gbé e sínú yàrá tútù," ó sọ. "Àyè ìkẹtàdínlógún."

"Ẹ̀rí mi lẹ fẹ́ tì mọ́lé yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, Màmá." Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Màmá ló ń wò.

Màmá Àwòfín wo ọfà náà. Ó wo ìgò náà, omi kan ṣoṣo tó gbé wá láti ilé. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá mi bu omi mìíràn wá, Bàbá. Èyí tí kò ní ìtàn nínú."